Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Alàgbà Mò-ń-bọ̀

Ẹni tó bá sùn mọ́jú nílé Alàgbà Mò-ń-bọ̀, orin ni yóò jí i. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dákẹ́, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn á gbà á. Bí ìyẹn bá jáde, Alàgbà fúnra rẹ̀ á gbé ohùn rẹ̀ sókè, ohùn tí kò yàtọ̀ sí ti ayùn tó ń rẹ́ pákó tútù. Àlejò kan wá láti ìjọ mìíràn rí. Nígbà tó padà sílé, ó ròyìn káàkiri pé òun kò rí ìdílé tó fẹ́ràn ìyìn Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún un. Balùwẹ̀ wọn ni kò ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá sì wà nínú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin kí ẹlòmíràn má baà já wọlé bá a ní ìhòòhò. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ káfíńtà sì ni Alàgbà ń ṣe o. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín létí dáadáa kí ẹ tó máa sọ pé ìyàwó rẹ̀ le jù. Ilẹ̀kùn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò náà, ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí wẹ́rẹ́, tí kò dún, tí kò ha ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ṣe é.

Kì í ṣe pé kò ṣe ti balùwẹ̀ náà. Ó ṣe é. Ó fá pákó rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó fi òróró pa á, ó kan irin ìdè mọ́ ọn, ó wá gbé e ti ògiri yàrá àlejò, ó ní tó bá di ọ̀la òun á gbé e kọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni olè já ilẹ̀kùn opó kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí ìyàwó Alàgbà fi máa ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, ògiri ti ṣófo. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ti di ilẹ̀kùn àbáwọlé opó. Nítorí pé ó kúrú fún ẹnu ọ̀nà ọ̀hún, Alàgbà tún ti lẹ pákó mọ́ ọn nísàlẹ̀, kò tiẹ̀ sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á padà mọ́.

"Opó ni," bẹ́ẹ̀ ló sọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í. "Kò lè sùn nínú ilé tó ṣí sílẹ̀. Àwa ṣáà lè máa kọrin."

Ká ní ọkọ ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ọkọ tirẹ̀ ni. Òjò rọ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò mìíràn tún ń ṣú bọ̀, orin ni wọ́n ṣì ń kọ.

Ìnagijẹ Alàgbà yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Ẹ kò ní tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán lórí fóònù tí á ti ní "mò ń bọ̀", ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á sì ti wà nínú ṣòkòtò. Àwa náà ń sọ mò ń bọ̀, ká tún yíra padà lórí ibùsùn. Tirẹ̀ yàtọ̀, ó ń bọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń rọbí ló pè é ni o, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni o, tọkọtaya tó ń fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn ni o, á dé, á jókòó, kò sì ní dìde títí ọ̀rọ̀ á fi lójú. Ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀ ti wọ kànga nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti fi ọgbọ́n wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá ọ̀rọ̀ tọkọtaya, kò rí ẹyọ kan gbọ́. Èyí náà ń bí i nínú.

Ìyá Aránṣọ ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Yàrá iwájú ilé wọn ni ìsọ̀ rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ àyà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà ti mú nínú ojú rẹ̀. Ó ṣì lè rán aṣọ kó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ kò ṣeé rí fún un mọ́. Ìdí nìyẹn tí Alàgbà fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní àràárọ̀ kó tó jáde, á ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á gún un mọ́ tìmùtìmù kékeré, á tún mú òmíràn, títí èyí tó máa tó ìyàwó rẹ̀ lò di ìrọ̀lẹ́ á fi pé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Obìnrin náà kò tiẹ̀ dúpẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ohun tí èèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, ojú a máa fò ó.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sórí ilẹ̀kùn àti orin, wọn ì bá máa bá a yí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, Alàgbà já lulẹ̀ láti orí òrùlé ọmọ ìjọ kan tó ń bá tún páànù ṣe. Òkìtì yanrìn ló gbà á, apá rẹ̀ kan ló fi rọ́. Dókítà, obìnrin kan tó kéré sí àkọ́bí wọn, sọ fún wọn pé kì í ṣe àkàbà ló yẹ̀, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní kó máa lo oògùn, kó máa sinmi, kó jìnnà sí òrùlé, torí pé bó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, yanrìn lè má sí nítòsí. Alàgbà ń mi orí, ó ń sọ pé ẹ ṣé mà, mo gbọ́ mà. Ìyá Aránṣọ lọ gba oògùn. Nígbà tó fi máa padà dé, àga ọkọ rẹ̀ ti ṣófo. Ó wá a títí, inú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ló ti wá bá a, tòun ti ọ̀já tí wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó ń fi ṣíbí bu tíì sẹ́nu ìyá arúgbó kan tí kò ní ẹni tó dúró tì í. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mò ń bọ̀. Obìnrin náà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àpò oògùn lé itan, ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú o, inú ló bí i débi tí omi fi ń jáde lójú rẹ̀.

Àárín ìgbà yìí náà ni Bàbá Olùṣọ́, tó ti ń darí ìjọ wọn láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jókòó sórí ẹní, kéde pé ara òun kò gbé e mọ́, kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Kò sí àríyànjiyàn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ìjọ, ẹ sì mọ orúkọ náà.

Ìjọ yìí kì í wo ìwé ẹ̀rí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe olórí, wọn kì í sì í wò ó bóyá ó mọ ìwàásù í ṣe. Wọ́n ti rí èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe rí. Ní ìgbà kan, kó tó kan Bàbá Olùṣọ́, wọ́n ní aṣáájú kan tó máa ń sunkún lórí pẹpẹ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ aráyé. Bó bá délé, á yọ bẹ́líìtì sí ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti tú síta ni wọ́n ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá máa darí àwọn, ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lójú gbogbo ìjọ kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan: ṣé ẹni tí à ń rí níta yìí náà lẹ̀ ń rí nílé? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Bó bá ní rárá, ó parí. Wọn kò ní bi í ní ìdí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ẹnìkan bá ní òun máa dá ọ láṣọ, tọrùn rẹ̀ ni kó o wò, kò sì sẹ́ni tó mọ aṣọ ọrùn ọkùnrin tó ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ìyá Aránṣọ ti pinnu pé rárá lòun máa sọ. Bó ṣe jẹ́ alàgbà lásán yìí, wọ́n ti pè é débi tó fi já bọ́ láti orí òrùlé. Bó bá wá di olórí ńkọ́? Wọ́n á máa pè é ni, títí ọjọ́ kan tí wọ́n á pè é tí kò ní jẹ́ wọn mọ́. Wọ́n á wá kó ara wọn jọ, wọ́n á di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa sọ pé ẹni rere ni, ó gbé ayé fún ẹlòmíràn. Kò fẹ́ ẹni rere inú pósí. Ọkọ tó wà láàyè, tó ń hanrun, ló fẹ́.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé irọ́ ni rárá ọ̀hún. Bó bá sọ ọ́, gbogbo ìjọ á gbà pé bẹ́líìtì ni ọkọ òun náà ń yọ nílé. Á gba ẹ̀mí rẹ̀ là lóòótọ́, á sì ba orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ro èyí títí orí ń fọ́ ọ. Ó ní kí orúkọ máa bàjẹ́ lọ, ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì.

Kò lè fi pa mọ́ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí Alàgbà ṣe ń gbé oògùn tí ìyàwó rẹ̀ rán an létí rẹ̀ mì, obìnrin náà là á fún un.

"Rárá ni mo máa sọ lọ́jọ́ Ìsinmi o. Kẹ́ ẹ má baà ní mi ò sọ fún yín."

Alàgbà gbé ife kalẹ̀.

"Tó o bá sọ ọ́, mi ò ní bá ẹ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n o mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi ẹ́. Òótọ́ ni kó o fi dáhùn ẹ̀."

"Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ máa kú."

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa bi ẹ́, ìyàwó mi."

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń súni tó ọkùnrin tí kì í jà. Ìyá Aránṣọ ti to gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tó máa fi dá a lóhùn bó bá bínú, èyí tó máa fi kan án lábùkù bó bá bẹ̀bẹ̀. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Níbi tí obìnrin náà ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn ni fóònù ti dún. Alàgbà wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo fóònù. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ẹ mọ ohun tó sọ sínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Aránṣọ wọ yàrá iwájú láti mú ìborùn rẹ̀. Kì í ránṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú rẹ̀ kàn bọ́ sórí tìmùtìmù kékeré yẹn, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ ti kún un, òwú funfun nínú gbogbo wọn, ti iṣẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Apá kan ọkùnrin yìí ṣì wà nínú ọ̀já. Ó ní láti jẹ́ pé ńṣe ló kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ dúró, tó wá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti òwú bọ̀ ọ́, tó ń tì í tó ń yẹ̀. Alàgbà mọ̀ pé ìyàwó òun máa dójú ti òun, síbẹ̀ ó jókòó ti abẹ́rẹ́. Ìyá Aránṣọ pòṣé. Ó jókòó sórí àga ẹ̀rọ, ó tún pòṣé. Ó mọ̀ nígbà náà pé rárá kò lè jáde lẹ́nu òun mọ́, inú sì bí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ kò dín kù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wá ni oògùn rẹ̀?

Ilé ìjọsìn kún. Bàbá Olùṣọ́ fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó pe Ìyá Aránṣọ síwájú, ó sì bi í ní ìbéèrè náà bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Alàgbà wà ní ìjókòó iwájú, ó ń wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Aránṣọ ní. "Ẹnì kan náà ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Wọ́n ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. Òfin sọ pé wọn kò gbọdọ̀ bi í ní ìdí, òfin kò sọ pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń kọrin, ó sọ bí àlejò ṣe gbé wọn gẹ̀gẹ̀ fún un, gbogbo ìjọ sì rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń nu ojú. Opó ẹ̀yìn ilé ìwé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rò látọjọ́ yìí pé ilẹ̀kùn tó ṣẹ́kù ní ìsọ̀ ni Alàgbà gbé fún òun. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Aránṣọ dé orí ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ̀rín dín kù. Ó wá bèèrè pé lọ́jọ́ tí ọkọ òun já bọ́ láti orí òrùlé, ọkùnrin mélòó ló wà nínú ilé yẹn? Mẹ́rin ni. Wọ́n jókòó sábẹ́, wọ́n ń nàka sí ibi tó ń jò fún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ ní olórí tó lè kú fún yín lẹ fẹ́," ó ní. "Ẹnìkan ti kú fún wa, ó sì ti tó. Ẹ dákun, ẹ má fọkọ mi ṣe ìkejì."

Ó ti fẹ́ máa lọ jókòó, ó tún yíjú sí ìjókòó iwájú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ dé ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin náà, Alàgbà. Ẹ fiṣẹ́ Olùgbàlà sílẹ̀ fún Olùgbàlà. Ipò yẹn ti lẹ́ni."

Ó lọ jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò bá ọkọ rẹ̀ wí níta rí.

Alàgbà dìde. Nígbà tí Bàbá Olùṣọ́ bi í bóyá ó gbà láti darí ìjọ, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa ọ̀já apá rẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń ṣe, ìfẹ́ náà kúkú ni. Ṣùgbọ́n mo tún ń gba iṣẹ́ ìfẹ́ tiyín mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká jọ máa lọ, mo gbà. Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni n ó máa dá lọ, ẹ wá ẹlòmíì."

Ìyá Ìjọ, obìnrin àgbà tó ń darí àwọn obìnrin, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ojú ń ti òun, kò sì yẹ kó jẹ́ òun nìkan lojú ń tì. Ó ní láti òní lọ, ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ pe Alàgbà mọ́. Ẹnìkan ni kí wọ́n máa pè, ẹni tó mọ gbogbo ìjọ, tó mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ àti ẹni tó kàn ń jókòó sábẹ́ òrùlé nàka, ẹni náà á sì máa sọ ẹni tó máa lọ. Wọ́n bi í pé ta ni. Ó ní ṣé wọn kò rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn wí tán ni? Gbogbo ilé ìjọsìn pàtẹ́wọ́, wọ́n tún dìde dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kò dún níbẹ̀, ẹni náà sì ni Ìyá Aránṣọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ọkùnrin tó nàka lọ́jọ́ òrùlé gbé ilẹ̀kùn wá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbé àga fún Alàgbà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í láti rí i pé kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣì í wọ̀n. Wọ́n kan irin ìdè sódì, wọ́n tún tú u. Alàgbà ń bu ètè jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ilẹ̀kùn náà ń ha ilẹ̀ gbàràgbàrà, ó sì ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lókè. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá iṣẹ́ pé báwo ló ṣe rí. Ó ní ó dára gan-an, Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ yín. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti fi ara rẹ̀ jìn fún látọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ kò rò pé èyí tó ná an tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ wọ balùwẹ̀, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà dé, ó sì dúró síbẹ̀ láìkọ orin kankan. Ó da omi sára. Ó tún dákẹ́, ó ń gbádùn rẹ̀. Ó rò pé wọn kò tíì ṣe òun lóore tó báyìí rí.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí aṣọ ló wà níbẹ̀, orin rẹ̀ tó láti lé gbogbo ilé sẹ́yìn, ṣùgbọ́n báyìí ó ti ní ohun tí wọ́n lè kàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ilẹ̀kùn kọ́ lánàá ló wà lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, ó ní kí Mọ́mì sọ ẹni tó máa bá òun gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láti yàrá iwájú, níbi tí Alàgbà ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, àga dún bí ìgbà tí ẹnìkan ń dìde.

"Alàgbà, ẹ jókòó," ó pariwo látinú omi.

Àga tún dún. Ó ti padà jókòó. Ìyá Aránṣọ gbé gbogbo ìjọ yẹ̀ wò lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó ti lọ sí ibi iṣẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tó ń gbé lókèèrè. Ó pòṣé kan tó gùn. Ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí aṣọ ìnura, ó sì gbọ́ bí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́:

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀."